Ọjọ́ Kan Nínú Billefjorden: Àyẹ̀wò Ìrìn-Àjò Ọkọ̀ Ojú Omi fún Ẹni Tó Wá Wo Àpáta

Ìrìn-àjò ọlọ́jọ́ kan tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí máa ń gbéra láàárọ̀ ní èbúté Longyearbyen ní Svalbard, àwọn erékùṣù Nọ́wè tó wà ní àríwá jíjìn, á gba inú Isfjorden kọjá, ìyẹn apá òkun gígùn tó wọ inú ilẹ̀, á yà sí Billefjorden tó jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀, á sì padà sí èbúté nírọ̀lẹ́. Ọ̀nà náà kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, nítorí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ń tọ̀ ọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà n kò ní dárúkọ èyí tí mo bá lọ. Ohun tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀ ni yìnyín, béárì funfun àti Pyramiden, ìlú awakùsà tí àwọn ará Rọ́ṣíà kó kúrò nínú rẹ̀ ní ọdún 1998. Èmi lọ nítorí àpáta. Mo sì fi dá ẹni tó bá ń ka èyí lójú pé àpáta ni ọjà gidi tí wọ́n ń tà níbẹ̀, bí àwọn tó ń tà á kò tilẹ̀ tíì mọ̀ bẹ́ẹ̀ tán.

Kí a kọ́kọ́ sọ ìdí rẹ̀. Bí a bá pín ilẹ̀ Svalbard sí ọ̀nà 100, bí 60 nínú rẹ̀ ni yìnyín bò mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó kù kò ní igi, kò sì ní igbó, débi pé ìhòòhò ni àwọn òkè dúró sí. Ìpele àpáta wọn tò léra láti etí omi dé téńté, ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ sì lè máa fi ìka tọ́ka sí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Púpọ̀ nínú wọn ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó di òkúta, ìyẹn ẹrẹ̀, iyanrìn, ìkarahun àti iyọ̀ tó rọra sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ omi, tí òmíràn dà lé e lórí, tí ìwúwo èyí tó wà lókè sì fún èyí tó wà nísàlẹ̀ pọ̀ títí ó fi le. Ohun mìíràn tún wà tó sọ ibẹ̀ di àrà ọ̀tọ̀: igun kan lára ilẹ̀ abẹ́ Òkun Barents ni Svalbard, igun tí agbára inú ayé gbé sókè kúrò lábẹ́ omi. Irú ìpele tí àwọn ilé-iṣẹ́ epo ń fi ẹ̀rọ wá nísàlẹ̀ òkun ni ènìyàn ń fi ojú lásán wò níbí, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi máa ń rán àwọn onímọ̀ wọn wá síbẹ̀.

Ìwọ̀n tí mo fi wọn ìrìn-àjò yìí kò le. Ẹnikẹ́ni tó bá há orúkọ sórí lè dárúkọ àwọn ìpele fún àlejò. Ṣùgbọ́n arọ́kìn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í mọ orúkọ àwọn ọba nìkan, ó mọ ọdún tí ìtẹ́ ṣófo pẹ̀lú. Afinimọ̀nà tó dára nínú irú ọkọ̀ báyìí gbọ́dọ̀ fi àlàfo hàn wá, ìyẹn ibi tí ìpele kan ti sọnù, ibi tí ilẹ̀ ti là, ibi tí ìsàlẹ̀ ti gun orí òkè, kí ó sì sọ ohun tó fà á. Bí kò bá ṣe èyí, àwòrán òkè tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó wa.

Lórí ìwọ̀n yìí, afinimọ̀nà wa bẹ̀rẹ̀ dáadáa. A kò tíì jáde tán nínú Adventfjorden nígbà tó ní kí a wo ẹ̀gbẹ́ òkè tó wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí ẹnu àwọn ihò ìwakùsà àtijọ́ ti hàn bí ojú fèrèsé. Ìpele èédú tí wọ́n máa ń wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ wà nínú àpáta tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Firkanten, tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó bí mílíọ̀nù 60 ọdún. Èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an, àpáta amọ̀ òun iyanrìn, ti lé ní mílíọ̀nù 100 ọdún. Èkíní fara ti èkejì bí ẹni pé òní àti àná ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bí mílíọ̀nù 40 ọdún ti bọ́ sọnù láàárín wọn. Afinimọ̀nà náà béèrè lọ́wọ́ wa pé níbo ni àwọn ọdún náà lọ. Kò sí ẹni tó dáhùn, ó sì jẹ́ kí ìbéèrè náà wà nílẹ̀ títí a fi dé Diabasodden, èyí tó jẹ́ ọgbọ́n olùkọ́ni.

Ní Diabasodden, ní ẹnu Sassenfjorden, àpáta dúdú kan tó le ju gbogbo ìyókù lọ ṣu jọ sí etí omi, àwọn ẹyẹ sì kún ara rẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọ́ ni èyí. Àpáta yíyọ́ ló gba inú ilẹ̀ gòkè wá ní nǹkan bí mílíọ̀nù 125 ọdún sẹ́yìn, tó já ara rẹ̀ sáàárín àwọn ìpele tó ti wà níbẹ̀, tó sì dì. Irú rẹ̀ wà ní ọ̀pọ̀ ibi yí Òkun Áàkítíìkì ká, títí dé Franz Josef Land àti àwọn erékùṣù àríwá Kánádà, nítorí pé ìgbà kan náà ni gbogbo agbègbè náà ń gbóná láti ìsàlẹ̀. Bí Òkun Áàkítíìkì ti ń la ojú rẹ̀, ilẹ̀ àríwá wú sókè, Svalbard sì yọ kúrò nínú omi. Ilẹ̀ tó bá sì ti yọ lókè omi kì í gba gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ mọ́, òjò àti afẹ́fẹ́ ni yóò máa fọ èyí tó ní tẹ́lẹ̀ lọ. Ibi tí mílíọ̀nù 40 ọdún wa lọ nìyẹn. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí rí nínú ìwé, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ní ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn, torí náà n kò ní fi ìyìn tó tọ́ sí i dù ú.

Ibi tí a ti kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ ni Skansbukta, níbi tí òkè Skansen ti dúró bí ògiri ààfin. Ọkọ̀ rọ́bà ló gbé wa dé etíkun, ẹni tó ru ìbọn ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, ó sì yẹ àyíká wò kí a tó tẹ̀ lé e, nítorí pé ewu béárì kì í ṣe àwàdà ní Svalbard. Nísàlẹ̀ òkè náà, ìpele jípúsọ̀mù funfun wà, tí àlejò lè fi èékánná họ. Omi òkun tó há sínú ọ̀sà tí kò jìn, tí oòrùn sì fà gbẹ léraléra, ló fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá ronú sí i yóò rí i pé irú oòrùn bẹ́ẹ̀ kò sí ní Svalbard ti òní. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ilẹ̀ yìí kò sí níbi tó wà lónìí nígbà náà. Èèpo ayé pín sí awẹ́ bí obì, àwọn awẹ́ náà sì ń rìn. Ní ìgbà tí wọ́n ń pè ní Devonian, ìyẹn bí mílíọ̀nù 419 sí 359 ọdún sẹ́yìn, Svalbard wà nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, ó ń bá awẹ́ tirẹ̀ rìn lọ sí àríwá láti ìgbà náà, jípúsọ̀mù Skansen sì jẹ́ ẹ̀rí ìgbà tó ń gba agbègbè aṣálẹ̀ kọjá.

Lókè jípúsọ̀mù yìí ni akọ òkúta Kapp Starostin wà, èyí tó le débi pé òun ló ṣe orí òkè náà bí odi. Ohun tó jẹ́ kí ó le tó bẹ́ẹ̀ ni àìmọye abẹ́rẹ́ kéékèèké tó jẹ́ egungun kànrìnkàn inú òkun, tó kó jọ sí ìsàlẹ̀ omi tútù ní ìgbà Permian, ìyẹn bí mílíọ̀nù 299 sí 252 ọdún sẹ́yìn. Kò sí ohun gbígbóná mọ́ níbẹ̀. Ilẹ̀ ti ń sún mọ́ àríwá. Ibi tí ìpele yìí parí sí ni ẹ̀dá inú òkun ayé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ run tán ní nǹkan bí mílíọ̀nù 252 ọdún sẹ́yìn. Ẹni tó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí àwọn kànrìnkàn náà ti dáwọ́ dúró yóò ní láti lọ síbòmíràn, ṣùgbọ́n Skansen jẹ́ kí ènìyàn rí i bí wọ́n ṣe pọ̀ tó kí wọ́n tó lọ.

Ibí yìí ni ẹ̀sùn mi àkọ́kọ́ wà. Ogójì ìṣẹ́jú péré ni wọ́n fún wa ní Skansbukta, ìdajì rẹ̀ sì lọ sórí ọkọ̀ tó ti fọ́ sí etíkun àti ihò ìwakùsà jípúsọ̀mù tí wọ́n gbẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, tí wọ́n sì pa tì nígbà tí wọ́n rí i pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ní èrè lórí. N kò sọ pé àwọn nǹkan yẹn kò yẹ ní wíwò. Òfin Svalbard dáàbò bo ohunkóhun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe síbẹ̀ kí ọdún 1946 tó dé, ó sì dára kí àlejò mọ̀ pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnì kan nínú wa béèrè bóyá a lè súnmọ́ ẹsẹ̀ òkè díẹ̀ sí i, wọ́n ní àkókò ti tó, nítorí ó kù díẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán jinná.

Lẹ́yìn oúnjẹ náà ni apá tó dára jù nínú ọjọ́ náà wáyé, inú yàrá ìjókòó ọkọ̀ sì ni, kì í ṣe ní ìta. Afinimọ̀nà mú àwọn bùláńkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń bo àwọn èrò nítorí òtútù, ó ká wọn, ó tò wọ́n lé orí tábìlì méjì tó fara kan ara wọn. Ó wá ní kí ẹnì kan rọ tábìlì kan sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí òun ń da bùláńkẹ́ẹ̀tì sí i. Ẹ̀gbẹ́ tó ń rì gba méje, èyí tó dúró gba méjì. Ó wá tọ́ka síta: ojú ẹ̀là ilẹ̀ Billefjorden nìyẹn, tó gba gúúsù lọ sí àríwá, tó sì gba ẹ̀bá Pyramiden kọjá. Ní ìgbà Carboniferous, tó wà láàárín Devonian àti Permian, ìlà-oòrùn rẹ̀ ń rì bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti ń kún un, ìdí nìyẹn tí ìpele kan náà fi nípọn gan-an ní apá kan tó sì fẹ́lẹ́ ní apá kejì. Ẹni tó bá mọ èyí kò nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ ìgbà tí ilẹ̀ ń là. Bí ìpele ti nípọn sí ni yóò sọ fún un.

Ẹ̀là yìí kò sì ṣí lẹ́ẹ̀kan kí ó pa dé. Ó ti ṣiṣẹ́ ní ìgbà Devonian, ó tún ṣiṣẹ́ ní Carboniferous, ó sì tún mira nígbà tí Greenland wá ń ti Svalbard, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 50 ọdún sẹ́yìn. Ibi tí ilẹ̀ bá ti là rí, ibẹ̀ náà ni agbára mìíràn máa ń gbà. Ní ìwọ̀-oòrùn ẹ̀là náà, iyanrìn pupa Devonian fara hàn, èyí tí odò ń wọ́ wá láti ara àwọn òkè ńlá tó dìde nígbà tí àwọn ilẹ̀ àtijọ́ kọlu ara wọn ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 400 ọdún sẹ́yìn. Àwọn òkè náà ti tán. Iyanrìn wọn ló ṣẹ́ kù, pupa rẹ̀ sì mọ́ ojú kedere nígbà tí oòrùn bá bọ́ sí i.

Bí a ti kúrò níbi ẹ̀kọ́ yìí tán, ohun gbogbo dẹ̀. Níwájú Nordenskiöldbreen, odò yìnyín tó ń dà sínú omi ní òpin Billefjorden, ọ̀gá ọkọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì da wisikí sórí yìnyín tí wọ́n yọ nínú omi. Ẹwà ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ, n kò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ yìnyín náà gan-an ni àpáta ìpìlẹ̀ ti yọ, èyí tí iná àti ìfúnpọ̀ inú ayé ti yí padà pátápátá, tí odò yìnyín sì ti yún dán bí ọlọ. Òun ni gbogbo bùláńkẹ́ẹ̀tì orí tábìlì yẹn jókòó lé. Nínú gbogbo ọjọ́ náà, ibẹ̀ nìkan ni a ti lè rí tábìlì náà fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò sì sọ gbólóhùn kan nípa rẹ̀. Nígbà tí mo bi afinimọ̀nà léèrè, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ dáhùn pé wọ́n ti ní kí òun jẹ́ kí àwọn èrò ya fọ́tò ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. N kò dá a lẹ́bi. Ẹni tó ṣètò ni mo bá wí.

Wákàtí méjì ni a lò ní Pyramiden, ìdá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì kọjá nínú ilé ọtí hòtẹ́ẹ̀lì àti lẹ́bàá ère Lenin. Ìwé ìléwọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà pín fún wa ṣe àṣìṣe ńlá kan níbí, ó ní igbó kan náà ló di èédú Pyramiden àti ti Longyearbyen. Irọ́ ni. Èédú Pyramiden jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ Carboniferous, ó ti lé ní mílíọ̀nù 320 ọdún, inú àbàtà ilẹ̀ olóoru ló sì ti hù. Ti Longyearbyen kéré sí i lọ́jọ́ orí níye ìgbà, ilẹ̀ tó ti dé àríwá jìnnà ló sì ti hù, níbi tí òru máa ń gùn fún oṣù mélòó kan lọ́dún, ṣùgbọ́n tí ayé ìgbà náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ débi pé igi ńlá ń dàgbà níbẹ̀. Èédú méjèèjì dúdú bákan náà, bẹ́ẹ̀ ni ìrìn láti ìlà agbedeméjì ayé dé ẹ̀bá òpin àríwá wà láàárín wọn. Ilé-iṣẹ́ tó gbé àlejò gba àárín ìlú méjèèjì tí kò sì mọ èyí ń fi góòlù ṣe òkúta ìdáná.

Ohun kan tún wà nítòsí ibẹ̀ tí kò sí nínú ètò. Ní Munindalen, àfonífojì tó wà lẹ́yìn Pyramiden, kùkùté igbó kan tó tó bí mílíọ̀nù 380 ọdún ṣì dúró nínú àpáta bí wọ́n ṣe hù, èyí tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní ọdún 2015. Mo mọ̀ pé rírìn débẹ̀ kò lè wọ inú ìrìn-àjò ọlọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀ fún wa kò ní gba ìṣẹ́jú kan.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí Greenland ṣe ṣe Svalbard gan-an kò ní rí i ní ọ̀nà yìí, nítorí pé ìpele inú Billefjorden ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Barentsburg, ìlú awakùsà Rọ́ṣíà mìíràn, ni kí ó wọ̀, kí ó sì kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n máa ń sún mọ́ Festningen ní ẹnu Grønfjorden. Ibẹ̀ ni ìfúnpọ̀ náà ti gbé àwọn ìpele dìde títí wọ́n fi dúró ṣánṣán, débi pé ẹni tó ń kọjá lọ létí òkun á ti Carboniferous rìn dé ìgbà lẹ́yìn àwọn dáínósọ̀ láìgun òkè kankan. Ojú ẹsẹ̀ dáínósọ̀ tí wọ́n rí níbẹ̀ ní ọdún 1960 ló sọ ọ́ di olókìkí, wọ́n sì ti fi òfin dáàbò bò ó láti ọdún 2003. Lẹ́yìn ìfúnpọ̀ yẹn ni Greenland yọ́ kúrò, tí omi jíjìn sì gba àárín wọn.

Nípa ìmúrasílẹ̀, n kò ní sọ púpọ̀. Ẹ lọ wo Svalbard Museum ní Longyearbyen kí ẹ tó wọ ọkọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Àwòrán ilẹ̀ tí Norsk Polarinstitutt, ilé-iṣẹ́ ìwádìí Nọ́wè lórí àwọn agbègbè òpin ayé, ṣe fún àpáta Svalbard dára ju ìwé ìléwọ́ èyíkéyìí lọ, àwòrán òkè tí UNIS, ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà níbẹ̀, gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ orúkọ Svalbox sì jẹ́ kí ènìyàn yí òkè náà po lórí kọ̀ǹpútà láìsan kọ́bọ̀. Ẹ mú awò awọ̀nàjíjìn dání. Béárì kò ní súnmọ́ yín, nítorí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 òfin ti ní kí ọkọ̀ jìnnà sí i ní mítà 300, ó sì di 500 láti oṣù kẹta títí dé ìparí oṣù kẹfà. Ṣùgbọ́n awò yẹn wúlò fún àpáta jù. Ẹni tó ń lo físà Schengen kí ó má gbàgbé pé Svalbard kò sí nínú Schengen, torí náà físà tó ń jẹ́ kí ènìyàn wọlé lẹ́ẹ̀mejì ni kí ó gbà, kí wọ́n má bàa há a mọ́ ibẹ̀.

Bí mo bá ní láti fún un ní máàkì, afinimọ̀nà gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ètò ọjọ́ náà gba márùn-ún, ìwé ìléwọ́ kò gba nǹkan kan. Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà nípa àṣìṣe èédú, wọ́n sì dá mi lóhùn ní ọjọ́ kejì pé àwọn yóò tún un ṣe ní ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀, wọ́n tún fi ẹ̀dínwó lọ̀ mí fún ìrìn-àjò wíwo béárì. Mo kọ èsì padà pé tí wọ́n bá lè fi wákàtí kan kún ti Skansbukta, kí wọ́n gba owó wọn pé.